Ògiri Ti Lanu Kí Aláǹgbá Tó Wọlé: Ìtàn Ẹ̀rù Tó Ń Ba Àwọn Olùkọ́ Yunifásítì Lórí Ọgbọ́n Àtọwọ́dá

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì kan tí ó gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó so ó rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sínú ọgbà, àwọn olùkọ́ sì padà sídìí òkìtì iṣẹ́ tí eruku ti bò. Wọn kò tíì lo oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ OpenAI ní ìlú San Francisco, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi gbé ẹ̀rọ ChatGPT síta ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún kan náà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ṣeé ṣe fún ọmọ tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ láti pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ bá òun kọ àròkọ ẹgbẹ̀rún kan ọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó fa Ogun Kírìjì, tí ẹ̀rọ yóò sì kọ ọ́ tán kí omi orí iná tó hó.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, láti ìgbà náà ni ariwo ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí àwọn ènìyàn ń pè ní AI, ti gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Nílé lóko, ohun kan náà ni àwọn olùkọ́ ń sọ: àwọn kò mọ ẹni tí ó kọ iṣẹ́ tí àwọn ń máàkì mọ́. Àwọn kan ní ayé ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́ pátápátá. Àwọn mìíràn ní kí a fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀rọ tuntun lásán ni, yóò di ohun àmúlò bí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti dì. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ti gbàgbé ìtàn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Aláǹgbá ni gbogbo wa ń lé kiri báyìí. Ìgbà wo ni ògiri ti lanu? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyí.

Nígbà tí olùkọ́ ń fi etí gbọ́ ọmọ

Kí ìwé tó di ohun tí a fi ń dán ọmọ wò, ẹnu ni a fi ń dán an wò. Ọmọ awo tí ó ń kọ́ Ifá kì í jókòó kọ àròkọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọdún pípẹ́ ni ó fi ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí ó ń bá a gbé àpò, tí ó sì ń ké ẹsẹ Ifá tẹ̀lé e, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí àkókò bá tó, iwájú àwọn àgbà awo ni yóò ti ké e, wọn yóò sì máa bi í léèrè. Kò sí bí ó ṣe lè yá ẹnu ẹlòmíràn lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilé-kéwú. Ọmọ á kọ ọ̀rọ̀ sára wàláà, á kà á sí alùfáà létí, kò sì ní fọ wàláà náà títí tí ohun tí ó wà lára rẹ̀ yóò fi dúró sí i lórí. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ti àwọn Mùsùlùmí, irú èyí tí ó wà ní Timbuktu àti ní Káírò, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé àṣẹ. Ohun tí ìwé náà ń jẹ́rìí sí ni pé ẹni báyìí ka ìwé báyìí lójú mi, ó sì yé e.

Ilẹ̀ Yúróòpù kò yàtọ̀. Ní àwọn yunifásítì àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò dìde, yóò fi èdè Látìnì jiyàn níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní Cambridge, inú ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìdánwò ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní ti ẹnu, tí ó ń bọ́ sórí ìwé díẹ̀díẹ̀. Ìwé ní àǹfààní tirẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ọmọ ń dáhùn, òṣùwọ̀n kan náà ni a sì fi ń wọn ìdáhùn wọn, kò sì rọrùn mọ́ fún ọmọ olówó láti fi ẹnu dídùn tàbí orúkọ bàbá rẹ̀ borí ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù nínú pàṣípààrọ̀ náà. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún ọmọ. Olùkọ́ kò gbọ́ ohùn mọ́, ohun tí ọmọ kọ sílẹ̀ nìkan ni ó ń rí.

Nígbà tí wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Oyè Yunifásítì London ni wọ́n ń gbà títí di 1962, London sì ń lọ́wọ́ sí ìdánwò wọn. A kò sọ pé ayé ìgbà náà dára tán. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí wọn pé ni kò rí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọ̀, àwọn obìnrin kò sì pọ̀ láàárín àwọn tí ó wọlé. Àmọ́ níbi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ti ju 104 lọ, olùkọ́ mọ orúkọ, ó mọ ojú, ó sì mọ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ronú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn wá, kò nílò ẹ̀rọ kankan láti dá a mọ̀. Gbólóhùn bíi mélòó kan tó láti fi mọ̀ pé ohùn ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí èrò pọ̀ ju àga lọ

Òmìnira dé ní 1960, òǹgbẹ ẹ̀kọ́ sì bá a dé. Yunifásítì Nsukka ṣí ní ọdún náà. Ní 1962, ti Ifẹ̀, ti Èkó àti ti Zaria tẹ̀lé e. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955 ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wọ ilé-ìwé, dandan sì ni kí wọ́n rí ibi tẹ̀ síwájú lọ. Nígbà tí ó fi máa di 1978, èrò ti pọ̀ débi pé ìjọba dá àjọ JAMB sílẹ̀ láti máa bójú tó ìdánwò àbáwọlé. Ọdún 1978 yìí kan náà ni wọ́n dá ASUU sílẹ̀. Lóde òní, ọmọ tí ó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB lọ́dún kan tó bíi mílíọ̀nù 2, yunifásítì tí ó wà ní Nàìjíríà sì ti ju 200 lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n olùkọ́, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé kò bá wọn pọ̀ bí ó ti yẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ ọdún kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ni ó ń kún inú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, àwọn kan á dúró lẹ́bàá fèrèsé, àwọn mìíràn á wà níta tí wọ́n ń na etí. Ẹ wo olùkọ́ kan tí ó ní ìwé ìdánwò 600 níwájú rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti máàkì wọn. Ojú ta ni yóò rántí nínú wọn? Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ni ó ń rí, ìwé ni ó ń ṣí, máàkì ni ó ń kọ.

Ibí yìí gan-an ni ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Nígbà tí ìwé nìkan bá ti dúró fún ọmọ, ohun tí ó kù fún ẹni tí ó fẹ́ rẹ́ni jẹ ni kí ó wá ìwé. Ní 1977, ìbéèrè ìdánwò WAEC jáde síta, tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Expo 77, láti ìgbà náà sì ni "expo" ti di ọ̀rọ̀ tí kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ̀ ọ́n. Ní 1984, ìjọba ológun Bùhárí ṣe Òfin 20, tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 halẹ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n bá mú nídìí màgòmágó ìdánwò. Òfin náà le bí ojú ẹja, síbẹ̀ kò pa expo. Ìwà náà yí aṣọ padà ni. Ní agbègbè ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ṣọ́ọ̀bù wà tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí wọ́n sì ń ta iṣẹ́ àṣekágbá àwọn tí ó ti jáde. Ẹni tí ó bá lówó á ra ọ̀kan, á yí orúkọ ojú ìwé àkọ́kọ́ padà, ó parí. Àwọn mìíràn á háyà ènìyàn tí yóò bá wọn kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká tó gbọ́ orúkọ ChatGPT rárá, ọmọ olówó ti ní tirẹ̀, ẹlẹ́ran ara ni.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe ni pé ó sọ ohun tí ó jẹ́ ti olówó di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìgbà náà ni a tó ké gbàjarè.

Ẹ̀rọ ìṣirò, àti ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bà

Àwọn tí ó ní kí a má bẹ̀rù máa ń tọ́ka sí ẹ̀rọ ìṣirò. Àwọn àgbà láàárín wa rántí ìwé four-figure table tí a ń gbé sábẹ́ apá lọ sí yàrá ìdánwò. Nígbà tí ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tí a lè gbé sínú àpò wọ̀lú ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùkọ́ pariwo pé àwọn ọmọ kò ní lè ṣe ìṣirò mọ́. Ní 1986, àwọn olùkọ́ kan gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn lọ síwájú ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìṣirò Amẹ́ríkà ní ìlú Washington, nítorí ẹgbẹ́ náà ń fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa lo ẹ̀rọ yìí ní kíláàsì. Nígbà tí ó di 1994, ìdánwò SAT tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ti gbà kí àwọn ọmọ gbé e wọlé. Ayé kò parẹ́.

Àpẹẹrẹ náà dára, ṣùgbọ́n kò wọ̀ tán. Ẹ̀rọ ìṣirò á bá ọmọ sọ iye di púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ni yóò mọ iye tí ó yẹ kí òun sọ di púpọ̀ àti ìdí rẹ̀. Àròkọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn bá jókòó ti gbólóhùn kan tí kò fẹ́ tọ́, tí ó ń pa á rẹ́, tí ó ń tún un kọ, ìgbà náà gan-an ni ó ń mọ ohun tí ó gbàgbọ́. Ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹ̀rọ ti gbé ìrònú náà fún un. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wo ìtàn mìíràn, tí kò gbajúmọ̀ tó ti ẹ̀rọ ìṣirò.

Joseph Weizenbaum jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT. Ní Berlin ni wọ́n ti bí i ní 1923, sínú ìdílé Júù. Ní 1936, ìdílé rẹ̀ sá kúrò lábẹ́ ìjọba Hitler lọ sí Amẹ́ríkà. Láàárín 1964 sí 1966 ni ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní ELIZA. Iṣẹ́ ELIZA kò ju kí ó máa yí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá tẹ̀ sí i padà di ìbéèrè lọ, bí oníṣègùn ọpọlọ ti máa ń ṣe fún aláìsàn. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ pé inú òun bàjẹ́, ELIZA á bi í ní ohun tí ó bà á nínú jẹ́. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìbànújẹ́. Akọ̀wé ọ̀jọ̀gbọ́n náà, obìnrin kan tí ó ti ń wò ó láti ọ̀pọ̀ oṣù bí ó ti ń ṣe ètò yìí, jókòó láti bá ELIZA sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ rárá tí ó fi bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó jọ̀ọ́ jáde kúrò nínú yàrá, kí òun àti ELIZA lè dá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ba Weizenbaum. Ní 1976, ó gbé ìwé kan jáde tí ó fi kìlọ̀ pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí a gbé fún kọ̀ǹpútà, bí ó tilẹ̀ lè ṣe wọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kò gbà á. John McCarthy, tí ó jẹ́ pé òun ni ó fún ìmọ̀ yìí ní orúkọ rẹ̀ ní 1955, kọ àríwísí tí ó gbóná lòdì sí ìwé náà. Weizenbaum kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà títí ó fi kú ní 2008.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí fún àwọn olùkọ́ òní ni pé ó rọrùn fún ènìyàn láti rò pé ohunkóhun tí ó bá fèsì dáadáa ní òye. Akọ̀wé nìkan kọ́ ni ó ṣi èrò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí kò mọ ọmọ, tí ó ka Gẹ̀ẹ́sì tí ó já gaara, tí ó sì fún un ní máàkì gíga nítorí Gẹ̀ẹ́sì náà, àṣìṣe kan náà ni ó ṣe. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń máàkì èdè dídùn bí ẹni pé òye ni. Ẹ̀rọ tí kò ní òye ni ó wá fi hàn wá.

Ìgbà tí olùkọ́ di ọlọ́pàá

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a fi ẹ̀rọ ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1998, ọdún kan náà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ Google sílẹ̀, ni iléeṣẹ́ tí ó ni Turnitin bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California. Iṣẹ́ Turnitin ni láti fi iṣẹ́ ọmọ wé ohun tí ó ti wà nílẹ̀, kí ó lè fi ibi tí ó ti jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ hàn. Ìyẹn ṣeé ṣe nítorí ohun tí a jí ní ibi tí a ti jí i. Ohun tí ChatGPT bá kọ kò sí níbì kankan tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ń wá ibi tí yóò sá gbà. Ilé-ìwé gíga Sciences Po ní Paris fòfin de ChatGPT ní oṣù Kìíní. Àwọn ilé-ìwé ìjọba ní ìlú New York náà fòfin dè é ní oṣù yìí kan náà, ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí òfin náà. OpenAI fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó ní yóò máa dá iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Nínú ìdánwò tí iléeṣẹ́ náà ṣe fún un, ìdá 26 nínú 100 péré ni ó dá mọ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ kọ, ó sì pe ìdá 9 nínú 100 ohun tí ènìyàn kọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní oṣù Keje ni wọ́n ti ká a kúrò nílẹ̀ nítorí kò péye. Turnitin náà ti gbé tirẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin. Ní oṣù Kẹjọ, Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà pa á, pé àwọn kò lè fọkàn tán an.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ló kù yìí. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL, wọ́n sì gbé e fún ẹ̀rọ adániláre-dániléjọ́ méje. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe ìdá 61 nínú 100 àwọn àròkọ yìí ní iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ni ó kọ gbogbo wọn. Àròkọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni wọn kò ṣì mú bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé a máa lo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ dáadáa, ní ìlànà tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ìwọ̀nyí gan-an ni ẹ̀rọ ń wò tí ó fi ń fura.

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, Paul Graham, gbajúmọ̀ olùdókòwò kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sórí X pé ẹnì kan fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òun, ọ̀rọ̀ náà "delve" sì wà nínú rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yẹn ti tó ẹ̀rí pé ChatGPT ni ó kọ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà da èsì bò ó. Wọ́n ní irú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ń kọ láti ilé-ìwé nìyẹn, tí àwọn olùkọ́ sì ń yìn àwọn lé lórí. Ẹ wo bí ayé ti yí: àwọn tí wọ́n gbé èdè náà wá bá wa, tí wọ́n ní kí a kọ́ ọ dójú àmì, ni ó tún ń sọ pé bí a ti kọ́ ọ dójú àmì yìí ni ó fi hàn pé àwa kọ́ la kọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó da àrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Ọmọ tí kò jalè rárá ni à ń bọ́ aṣọ olè fún báyìí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn tàbí ọmọ Ìkàrẹ́ tí ó ń kàwé ní Manchester tàbí ní Houston lè fi gbogbo òru kọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀rọ sì dá a lẹ́bi láàárín ìṣẹ́jú kan, láìsí ẹlẹ́rìí kankan níwájú adájọ́.

Ohun tí ẹ̀rù ń bà wọ́n gan-an

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Àwọn náà ń lo ẹ̀rọ yìí. Ní 2025, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dá owó ẹ̀kọ́ òun padà nígbà tí ó rí i pé ChatGPT ni olùkọ́ òun fi ṣètò ohun tí ó ń kọ́ wọn. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣètò ẹ̀kọ́, tí ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí ẹ̀rọ sì ń máàkì rẹ̀, kí ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wá ṣe nílé-ìwé? Ìbéèrè yìí ni ó ń da ọ̀pọ̀ olùkọ́ láàmú ju ìbẹ̀rù pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ.

Ẹ̀rù kejì wọn kan gbogbo wa. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì jẹ́ ìbúra. Olùkọ́ ń bá ará ìlú búra pé ọmọ yìí mọ ohun tí a kọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí yóò gún ìyá wa ní abẹ́rẹ́, ẹnjiníà tí yóò wọn irin tí ó gbé ilé alájà mẹ́ta ró, olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé kíkà, orí ìbúra yẹn ni gbogbo wọn ń jẹ. Bí olùkọ́ kò bá lè fi ọkàn kan búra mọ́, àwa tí a kò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Ìfòfindè kò ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ọlọ́pàá kò péye. Ohun tí ó kù ni ohun tí a ti ní tẹ́lẹ̀: kí olùkọ́ tún máa gbọ́ ohùn ọmọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń sọ pé kí àwọn ọmọ kọ iṣẹ́ wọn nínú kíláàsì, kí wọ́n sì fẹnu ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti mọ̀ bóyá ohun tí ó wà nínú ìwé wà nínú ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 600, ìṣẹ́jú 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí 100 nìyẹn fún ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Olùkọ́ kan kò lè ṣe é. Bí olùkọ́ mẹ́fà bá pín in, wákàtí 17 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá ti wá padà di ọ̀rọ̀ iye olùkọ́, yàrá àti owó, ọ̀rọ̀ tí ASUU àti ìjọba ti ń fà lórí àdéhùn 2009 kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ OpenAI. Ìjọba tí ó bá ra ẹ̀rọ fún yunifásítì tí kò sì gba olùkọ́ sí i ti kun ògiri ní ọ̀dà láìdí ibi tí ó ti lanu.

A tún lè yí irú iṣẹ́ tí a ń fún àwọn ọmọ padà. Nígbà tí Samuel Johnson fẹ́ kọ ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni ó lọ, ó jókòó tì wọ́n, ó gbọ́, ó béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ òní lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rán an lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ kí ó gba oríkì orílẹ̀ wọn sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ó bi àwọn oníṣòwò ọjà ìlú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dá èésú, kí ó wá dúró níwájú kíláàsì, kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí kò yé e. Ẹ̀rọ kò bá a dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà náà. Bí ó bá sì fẹ́ lo ẹ̀rọ láti tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kò burú, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ó tó yá ti ẹlòmíràn.

Aláǹgbá ti wọlé, kò sì jọ pé yóò jáde mọ́. Ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn olùkọ́ wa tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi gbogbo ọjọ́ ayé wa lé aláǹgbá. Láti ìgbà tí a ti fi ìwé nìkan rọ́pò ọmọ ni ògiri ti lanu, owó tí a kọ̀ láti ná sì ti fẹ ibi tí ó lanu náà lójú. Àwọn tí ó wà nípò àṣẹ, tí àwọn fúnra wọn jókòó nínú kíláàsì tí olùkọ́ ti mọ orúkọ wọn, ni a ń bi pé: ìgbà wo ni ẹ ó gbé amọ̀ wá?